Ìwọ̀fà Orí Òrùlé

Agbowó ni mí lórí odò Jamuna.
Ọkọ̀ pẹlẹbẹ, ìwé gbèsè nínú ọ̀rá,
báírò méjì, nítorí omi máa ń mu ọ̀kan.
Àwọn erékùṣù tí mo ń yí ká kì í dàgbà:
iyanrìn tí odò kó jọ lọ́dún yìí
ni yóò tún kó lọ bó bá di àmọ́dún.
Èèyàn ń kọ́lé síbẹ̀ ná.
Wọ́n ń gbin ẹ̀pà, wọ́n ń gbin ata,
wọ́n ń bímọ.

Àwọn ọ̀gá wa ní Dhaka ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní àyè kan tó ń béèrè
ilẹ̀ tí ayáwó fi ṣe ìdógò.
Jobeda, opó Moksed, wo àyè náà títí.
Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun nílẹ̀,
ìsàlẹ̀ omi ni ilẹ̀ ọ̀hún ń gbé,
ó di ọdún mẹ́rin tí àwọn ti fojú kan ara àwọn.
Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.
Mo kọ "oko ẹ̀pà, éékà méjì."
Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ló wà.

Bí sólà ṣe gun orí páànù rẹ̀ nìyẹn,
kò fẹ̀ ju ẹní ọmọdé lọ,
òun àti bátìrì kan, gílóòbù mẹ́ta,
àti gbèsè ọdún mẹ́ta.
Nígbà tí owó náà kúrò lókè òkun,
èlé rẹ̀ ṣì ń rá kòrò.
Ó dé báńkì, ó dìde dúró.
Ó dé ilé iṣẹ́ wa, ó hu irùngbọ̀n.
Owó tó bá rìnnà jìn, ọ̀nà ló ti ń jẹun.
Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tó fi èéfín sé ojú ọ̀run
ti ń ràn wá lọ́wọ́ báyìí.
Mo tú ìwé mi láti iwájú dé ẹ̀yìn,
mi ò rí "ìrànlọ́wọ́" níbẹ̀.
"Ẹ̀yáwó" ni mo rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn,
Jobeda ò wo iná.
Ògiri ló ń wò. "Kí ni gbogbo dúdú yìí?"
Èéfín àtùpà ogún ọdún ni.
Ó bu omi sí korobá,
ó ń fọ ògiri lóru bí ẹni ń fọ òkú.

Ó sọ fún mi pé:
"Bàbá mi fi ẹ̀gbọ́n mi sọfà lóko olówó.
Àkùkọ ò tíì kọ tó fi ń jí,
iṣẹ́ rẹ̀ ń san èlé, owó ò dín.
Ní tèmi, oòrùn ni mo fi sọfà.
Òun ni kí ẹ lọ máa dá lóró."

Oṣù òjò dé, ìwọ̀fà sá lọ.
Gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn.
Ìwé mi ò mọ òjò. Ó ń ka ọjọ́ lọ.

Lóru ọjọ́ kan, odò gbé erékùṣù náà mì.
Ní ibi tí ilé rẹ̀ wà, omi ni mo wà lórí rẹ̀.
Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sí gbèsè tó kú.
Mo wa ọkọ̀ kọjá iyanrìn mẹ́ta,
lórí ẹ̀kẹrin mo rí nǹkan tó ń dán:
sólà lórí ọparun mẹ́rin,
tapólì nísàlẹ̀ rẹ̀, Jobeda nísàlẹ̀ tapólì,
fóònù mọ́kànlá tó ń bá àwọn aládùúgbò ṣáàjì,
tákà márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó tú etí aṣọ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ku àádọ́ta tákà.
"Ọjọ́ tí òjò rọ̀ nìyẹn," ló wí.
"Ṣé ẹ máa ń gbowó ọjọ́ tí ìwọ̀fà ò wá ni?"

Mo kọ ọ́ pé ó pé.
Irọ́ kejì nìyẹn.
Ọwọ́ mi náà ló wà.